Ọjọ́ Ìbí Tí Àdìó Bá Ìyá Sùlè Wá

Àdìó kì í ṣe ọmọ Ìbàfò. Ìwó ni wọ́n bí i sí, Òṣogbo ló ti kọ́ iṣẹ́ pátákó kíkọ. Ọdún 1998 ló kó búrọ́ọ̀ṣì mẹ́rin àti aṣọ mélòó kan sínú báàgì, tó wá gba yàrá kan àti ìsọ̀ kékeré kan létí títì márosẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ nígbà náà. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń yọ bí olú láti Mowé títí dé Aṣẹ́ṣẹ́, kò sì sí èyí tí kò fẹ́ pátákó tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré lè kà. Àdìó mọ lẹ́tà í kọ. Ó lè kọ "Jésù" kí ó dà bíi pé iná ń jó lábẹ́ rẹ̀. Aránṣọ, aṣerunlóge, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, olóògùn jẹ̀díjẹ̀dí, gbogbo wọn ló ń kọ pátákó fún.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2003, kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ náà. Èèyàn á lọ sí Ṣómólú láàárọ̀, wọn á tẹ pátákó onírọ́bà fún un, á ká a bí ẹní, á sì ti gbé e kọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Àdìó á jókòó síwájú ìsọ̀ láti àárọ̀, ọ̀dà á máa dì nínú agolo.

Ọjọ́ kan báyìí, ó ń tú ìwé ìròyìn àtijọ́ tó fi wé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì rí i kà nínú rẹ̀ pé ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, tí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Ó gbójú sókè wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin náà ni. Ó wo títì, ó wo àwọn ọkọ̀ tó ń fò lọ. Pátákó dúdú kan wà nílẹ̀ tí oníbàárà kan kò padà wá gbé. Àdìó gbé e síta, ó mú ẹfun, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: LÓNÌÍ, NÍ 1972, A KÚRÒ LÓSÌ, A BỌ́ SỌ́TÙN-ÚN.

Èmi náà wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí iwájú ìsọ̀ rẹ̀ ni mo ti máa ń dúró de ọkọ̀ Èkó. Bàbá àgbàlagbà kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń já èrò, ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tó kọ èyí, ṣé o ti dáyé nígbà náà?"

"Wọn ò tíì bí mi, sà."

"Èmi wà nídìí ọkọ̀! Tírélà ni mo ń wà. Mo fi odidi ọ̀sẹ̀ kan máa bi ara mi pé níbo ni mo wà yìí."

Kí ó tó lọ, ó ti sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà fún èèyàn bí i méje. Ọkọ̀ mi dé, mi ò wọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Àdìó ti ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sára pátákó náà láràárọ̀. Ó ra ìwé àjákọ tó nípọn, ó ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Ó ń gbọ́ rédíò, ó ń ya ìwé lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn ọjà, ó sì ń tú ìwé ìròyìn tí àwọn èèyàn ti dà nù. Ọjọ́ tí Gánà gbòmìnira. Ọjọ́ tí èèyàn kọ́kọ́ fò lọ sí òfuurufú. Ọjọ́ tí náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ó fi òdòdó yí gbogbo pátákó ká. Àwọn ọmọ onílùú ní ojúsàájú ni. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù di ọjọ́ kẹta oṣù kejì, pé Ògùn náà á gba òdòdó tirẹ̀. Ó sì gbà á.

Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọjọ́ ìbí tiwọn wá. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, Àdìó á kọ pé: Ẹ bá Delight ọmọ alágbo yọ̀, ó pé ọdún mẹ́fà. Ẹ bá Ìyáàfin Ọmọ́títí yọ̀. Èyí tí kò rọrùn níbẹ̀ ni ti Olúwajùwọ́n tó ń lẹ táyà. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ni wọ́n bí i, ọjọ́ tó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin. Orúkọ rẹ̀ jáde ní 2004, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí 2005 dé, ó dúró síwájú pátákó, ó ká ọwọ́ gbera.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò dàgbà lọ́dún yìí ni?"

Àdìó ronú. Ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ó fi lẹ́tà kékeré kọ orúkọ Olúwajùwọ́n sábẹ́ ìlà náà, ní etí pátákó gan-an. "Bí ọjọ́ rẹ bá wà," ó ní, "ibẹ̀ ni ì bá wà." A rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò jáde rí. Ìyá Sùlè ni. Hàfísátù ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ifọ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sí Ìbàfò, ilé ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Àdìó. Sùlèímọ́nù ọmọ rẹ̀ ń gbé ní àdúgbò OPIC ní Iṣẹ́ri. Adìẹ ni Ìyá Sùlè ń sìn, ó sì máa ń jókòó lórí àpótí níwájú ìta, kí ó máa wo àwọn tó ń kàwé pátákó. Nígbà tí Àdìó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó pòṣé.

"Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 1950."

"Háà, Màmá, tiyín bọ́ sí ọdún tuntun!"

"Ti kóòtù ni. Nígbà tí mo fẹ́ lọ Mẹ́kà, akọ̀wé ní kí n mú ọjọ́ kan wá fún ìwé ìrìnnà. Mo ní kí ó bá mi mú èyí tó bá wù ú. Má kọ ọ́, jọ̀ọ́. Kì í ṣe tèmi."

Àdìó kò bi í mọ́.

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2006, rédíò ń kéde pé òṣùpá yóò gba iwájú oòrùn kọjá, pé ilẹ̀ yóò ṣú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù, kí wọ́n má sì tẹjú mọ́ oòrùn. Àdìó kọ ọ́ sára pátákó láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Síbẹ̀, ẹ̀rù ba àwọn èèyàn. Àwọn kan kò jẹ́ kí ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé. Àwọn kan ń gbàdúrà láti ìdájí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọmọ́níkẹ́ ìyàwó Àdìó gbé agbada omi síta kí a lè máa wo òjìji oòrùn nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí òjò ńlá ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìkúukùu lójú ọ̀run. Atẹ́gùn tutù. Lábẹ́ igi máńgòrò, gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín ewé bọ́ sílẹ̀ di oṣù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Méjì nínú adìẹ Ìyá Sùlè dìde, wọ́n wọlé lọ sùn. Kò pẹ́ púpọ̀, ojúmọ́ padà, ariwo sọ, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè.

Ìyá Sùlè nìkan ni kò pariwo. Ó ń wo ilẹ̀ ibi tí àwọn oṣù kéékèèké náà wà tẹ́lẹ̀.

"Àdìó," ó ní, "ìyá mi sọ pé irú ọjọ́ báyìí ni wọ́n bí mi. Ọjọ́ tí ọ̀sán dòru."

Àdìó yíjú sí i. "Ẹ sọ pé kí ni, Màmá?"

"Ohun tó sọ fún mi nìyẹn. Mi ò gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé àsọdùn abiyamọ ni. Àfi òní tí mo wá fojú mi rí i."

"Ẹ ò sì sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí! Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sọnù, Màmá. Wọ́n á ti kọ ọ́ síbì kan."

Kò dúró jẹun. Ilé Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá ló lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé náà ní ìwé ńlá kan nípa oòrùn àti òṣùpá tí kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ń tú u láti ẹ̀yìn wá. Wọ́n rí i. Ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 1947 ni òṣùpá bo oòrùn, tí òkùnkùn náà kọjá láti Brazil, tó la òkun wá sí ilẹ̀ wa. Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá fi ìka ṣírò rẹ̀: ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni.

Nígbà tí Àdìó mú un dé, Ìyá Sùlè ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà.

"1947. A jẹ́ pé mo fi ọdún méjì lé ní oṣù méje ju ohun tí mo ń pe ara mi lọ." Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò ó. "Abájọ tí orúnkún yìí fi ń dùn mí."

Lọ́jọ́ kejì, a rí i pé ara rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó sọ fún alágbo, ó sọ fún Olúwajùwọ́n, ó pe Sùlèímọ́nù lórí fóònù. Sùlèímọ́nù ní àwọn yóò ṣe àdúà ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún. Àdìó mú pákó tó dára, ó fá a dán, ó fi ọ̀dà pupa àti aláwọ̀ wúrà kọ HÀFÍSÁTÙ àti ọjọ́ náà sí i. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Mi ò rí iṣẹ́ rẹ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé nínú àwọn tó mọ̀ nígbà tí wọ́n bí Ìyá Sùlè: Fàúsátù, àbúrò ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ifọ̀. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún. Ìyá Sùlè fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ pè é wá síbi àdúà náà, ó sì ní kí Àdìó sin òun. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹrin, wọ́n wọ ọkọ̀ mẹ́ta. Ní Àgbàdo, wọ́n dúró kí ọkọ̀ ojú irin kọjá, pẹ̀lú àwọn èèyàn tó jókòó sórí òrùlé rẹ̀, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ kẹta dé Ifọ̀. Pákó náà wà lábẹ́ apá Àdìó nínú ọ̀rá.

Ilé Ìyá Ifọ̀ kò jìnnà sí ojú irin. Ìyá Sùlè kúnlẹ̀, Àdìó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lẹ́yìn tí wọ́n ti mu omi, Àdìó tú ọ̀rá, ó gbé pákó síwájú ìyá àgbà náà. Kò mọ̀wé, ó ní kí wọ́n kà á fún òun. Àdìó kà á, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe wá a.

Ìyá Ifọ̀ rẹ́rìn-ín. Èdè Ẹ̀gbá ayé àtijọ́ ló ń sọ.

"Ìwé yín mọ ọjọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn kọ́ la bí Hàfísátù."

Ojú Àdìó rẹ̀wẹ̀sì. Ìyá Sùlè ní, "Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ó sọ ọ́. Mi è ní ó parọ́. Ọjọ́ yẹn la sọ ẹ́ lórúkọ. O ti pé ọjọ́ mẹ́jọ láyé."

Ó tún ìró rẹ̀ wé, ó wá sọ ọ́.

"Àárọ̀ ló yẹ kí a sọ ẹ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n Àgbàdo ni àlùfáà ti ń bọ̀, ọkọ̀ ojú irin sì pẹ́. Ọ̀sán ti ń rọ̀ kí ó tó dé. Èrò kún àgbàlá, oúnjẹ ti tutù. Mo tó ọmọ ọdún mọ́kànlá, èmi ni mo gbé ẹ jáde láti inú yàrá. Àlùfáà gbà ẹ́ sórí itan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lanu, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó ṣú, ó ṣú, ìràwọ̀ yọ. Rédíò wo ló wà nígbà náà tí ì bá sọ fún wa? Gbogbo èèyàn fọ́n ká. Ẹni tó wọ abẹ́ àká ń bẹ, ẹni tó wọ ilé onílé ń bẹ. Bàbá rẹ ń sáré wá ìyá tirẹ̀ kiri."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?" Àdìó béèrè.

"Ẹsẹ̀ mi è gbé. Ibi tí mo dúró sí ni mo wà, mo di etí agbádá àlùfáà mú. Òun è sá. Ó ní Ọlọ́run ló ni òru, Òun náà ló ni ọ̀sán. Ó pe ìrun sí ẹ létí nínú òkùnkùn yẹn, ó pe orúkọ rẹ. Èèyàn mẹ́ta ló gbọ́ ọ: àlùfáà, ìyá rẹ, àti èmi. Nígbà tí ojúmọ́ padà, tí àwọn èèyàn ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ńṣe ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi, èmi ọmọdé, pé kí ni wọ́n sọ ọmọ náà."

Ó yíjú sí Ìyá Sùlè.

"Ìyá rẹ ti rò pé ayé parí nìyẹn, pé kò ní í rí ẹ mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tó rí ẹ lórí itan àlùfáà tí ò ń mu ìka rẹ̀, ó gbà ẹ́, ó ní, 'Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ yìí.' Ó wí bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ fi lọ. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn."

Ìyá Sùlè fi etí gèlè bo ojú. Wọ́n jẹ́ kí ó sunkún tẹ́rùn. Nígbà tó ṣí ojú, ó sọ ohun tí Àdìó kò retí.

"Láti kékeré, bí mo bá ti ronú sí i, ohun tí mo máa ń rí ni ìyá mi nínú òkùnkùn, tó ń rọbí, tí gbogbo èèyàn sá fi sílẹ̀. Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, ohun tí mo máa ń rántí nìyẹn, ó sì máa ń dùn mí. N kò mọ̀ pé ẹnì kan dúró tì í."

"Mo dúró," ni Ìyá Ifọ̀ wí. "Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ló dá mi dúró."

Àwọn méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni Yorùbá ń kà sórúkọ, a sì máa ń ka ọjọ́ ìbí gan-an mọ́ ọn. Àdìó ka ìka rẹ̀ sẹ́yìn láti ogúnjọ́: ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún, ọjọ́ Ìṣẹ́gun bákan náà. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, ó ń wo pákó tó fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe, ó ní òun yóò fi ọ̀dà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, òun yóò tún un kọ.

"Má pa á rẹ́," ni Ìyá Sùlè wí. "Orúkọ mi ni mo gbà lọ́jọ́ yẹn. Kọ ti ìbí sókè rẹ̀. Àyè wà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún, Ìyá Sùlè pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Sùlèímọ́nù gbé Ìyá Ifọ̀ wá láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àdúà ráńpẹ́ ni wọ́n ṣe, wọ́n pín mọ́sà àti ẹran adìẹ, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì iwájú ilé náà wá kí i. Mo bi í bó ṣe ń ṣe é. Ó ní òun rò pé yóò ṣe òun bíi pé òun dàgbà, àmọ́ ńṣe ló ń ṣe òun bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè orúkọ òun.

Ọ̀rọ̀ náà rìn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá Àdìó láti Mowé àti Aṣẹ́ṣẹ́, kódà láti Àgbàdo. Ẹnì kan ní ọdún tí ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì abúlé àwọn ni wọ́n bí òun, ẹlòmíràn ní ọjọ́ ọjà kan tí òjò yìnyín rọ̀. Kì í rí i fún gbogbo wọn. Ẹni tó bá rí i fún máa ń fẹ́ pákó olórúkọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì padà ní àwọn tó ń wá a. Ẹni tí kò bá rí i fún, á jẹ́ kí ó sọ ìtàn rẹ̀ tán, á kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ, ní ẹ̀yìn, níbi tí kò sí déètì.

Oṣù kẹfà ni Ọmọ́níkẹ́ bi Àdìó ní ìbéèrè kan nídìí oúnjẹ. "Ti ìyá tiyín ńkọ́, ọjọ́ wo ni?"

Àdìó gbé òkèlè dúró. Kò mọ̀ ọ́n. Kò béèrè rí.

Ó lọ sí Ìwó lọ́sẹ̀ náà. Ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó tì í lórí ilẹ̀, ó ṣí ìwé àjákọ. Ìyá rẹ̀ ní òun kò mọ ọjọ́, òun kò mọ oṣù, ta ni yóò kọ irú ìyẹn sílẹ̀ nígbà náà. Ohun tí òun gbọ́ ni pé ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an lọ́dún náà. Kànga gbẹ. Bàbá òun fẹsẹ̀ rìn dé odò Ọbà kí ó tó rí omi tí wọ́n fi wẹ òun, ó sì ru ìkòkò náà padà kò da ẹ̀kán kan nínú rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá yín ru omi?" Àdìó béèrè. Kò mọ bàbá náà. Ó ti kú kí wọ́n tó bí i.

"Ó rù ú. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, pé ọkùnrin ń pọnmi. Ó ní kí wọ́n máa ṣe é."

Àdìó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti nawọ́ sí igbá ẹ̀gúsí, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí iwájú rẹ̀ kí ó bá òun ṣẹ́ ẹ, ó sì ń bá ìtàn bàbá rẹ̀ lọ.